Nígbà Tí Ọlọ́pàá Mú Ọlọ́pàá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Eré Àsápajúdé Kan ní Florida

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ọlọ́pàá òpópónà márosẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Florida, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan tí ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ogun ń lé e bọ̀. Donna Jane Watts ni orúkọ ọlọ́pàá òpópónà náà. Ibi tí ó ti ń ṣọ́nà ni Florida's Turnpike, òpópónà ńlá tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó gbà á kọjá. Ọkọ̀ tí ó rí jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú Miami, àmì ilé-iṣẹ́ náà sì hàn gedegbe lára rẹ̀. Eré tí ó ń sá lé ní 120 màílì ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ 70 màílì ni òfin Florida fi ààyè gbà mọ ní ọ̀nà tí ó gba eré jù lọ.

Watts tan iná ọkọ̀ tirẹ̀, ó fun fèrè, ó sì gbá tọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méje kí ó tó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Watts kò mọ ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ yìí, nítorí pé ọkọ̀ ọlọ́pàá tí kò dúró fún ọlọ́pàá lè jẹ́ èyí tí ọ̀daràn jí gbé. Ó fa ìbọn yọ, ó pàṣẹ kí awakọ̀ náà jáde, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó jáde wọ aṣọ iṣẹ́ ọlọ́pàá Miami. Fausto Lopez ni orúkọ rẹ̀.

Kámẹ́rà inú ọkọ̀ Watts ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lopez bẹ̀bẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tí ó ń wí yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí ìlú Miami yàn án sí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ àfikún ni, tí ó máa ń ṣe ní ilé-ìwé kan ní àkókò tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Watts fún un lésì pé kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá Miami ti ń gba ọ̀nà yẹn bí ìjì, àti pé ọwọ́ àwọn ni kò tíì bà wọ́n.

Ohun tí ó mú kí n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún ni pé ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ara wọn níbi gbogbo, pé ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé òfin ojú pópó tí ó fi ń mú àwa yòókù, kì í sábà rí ìdáhùn gidi. Ẹni kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkejì á ní iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nínú ọ̀ràn Lopez, ìwé òfin wà nílẹ̀, fídíò wà nílẹ̀, ẹjọ́ wáyé, lẹ́yìn náà ni àwọn akọ̀ròyìn sì wá fi ìṣirò hàn pé ọkùnrin náà kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin. Abala 316.072 nínú ìwé òfin Florida kò fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀ fún ìfojúdá. Ó ní bí awakọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ́ ìpè pàjáwìrì, tàbí bí ó bá ń lé ẹni tí ó rú òfin tàbí ẹni tí wọ́n fura sí pé ó rú u, nígbà náà ni ó lè gbé ọkọ̀ sí ibi tí òfin kò gbà fún ẹlòmíràn, ni ó lè kọjá iná pupa lẹ́yìn tí ó bá ti dẹwọ́ eré débi tí ewu kò ní sí, ni ó lè sá ju iye eré tí òfin pa láṣẹ níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti wu ẹ̀mí tàbí dúkìá léwu, ni ó sì lè gba ọ̀nà tàbí ìyànà tí a kọ̀ fún àwọn yòókù. Kò tán síbẹ̀. Òfin náà fi kún un pé gbogbo àǹfààní wọ̀nyí kò bọ́ awakọ̀ náà kúrò lábẹ́ ojúṣe láti ṣọ́ra fún gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà, kò sì ní gbà á sílẹ̀ bí ó bá fi àìbìkítà ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Gbólóhùn kékeré kan wà nínú abala yẹn tí mo gbà pé ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí agbẹjọ́rò lè fi wákàtí kan sọ lọ. Níbi tí ó ti ń dárúkọ àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àǹfààní yìí, ó kan ọkọ̀ tí ń lọ pa iná, ó sì sọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀tọ́ náà kò sí fún un nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ láti ibi iná. Ọkọ̀ panápaná kan náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n sì wọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n lè kọjá iná pupa. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró bí gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó yí padà láàárín àlọ àti àbọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń bá lọ. Iṣẹ́ ni òfin fún ní àṣẹ. Ọkọ̀ àti aṣọ kàn ń gbé iṣẹ́ náà ni, bí iṣẹ́ bá sì ti kúrò nínú wọn, awakọ̀ lásán ni ó ṣẹ́kù.

Bí a bá fi èyí wọn ìrìn Lopez, kò sí ibì kankan tí ó lè fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tí ó pè é fún ìrànlọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń lé. Agbègbè Broward ni Watts ti dá a dúró, nítòsí ìlú Hollywood, bẹ́ẹ̀ agbègbè Miami-Dade ni ìlú Miami tí ó gbà á síṣẹ́ wà. Ẹni tí ó bá ń rìn níta ìlú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, kò yàtọ̀ sí tíṣà tàbí kápẹ́ńtà tí aago ti lé bá lójú ọ̀nà.

Kí ni ó tilẹ̀ ń sáré náà lọ mú? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ọgbọ̀n màílì ni ẹnì kan fẹ́ rìn. Bí ó bá ń sá 70 màílì ní wákàtí kan láìdẹwọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí kí ó dín díẹ̀ ni yóò gbà á. Bí ó bá ń sá 120, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré, tí kò tilẹ̀ pé, ni èrè ibẹ̀. Ewu tí ó fi ń ra ìṣẹ́jú mọ́kànlá yìí kò kéré. Ọkọ̀ tí ń sá 70 màílì ní wákàtí kan ń rin ẹsẹ̀ bàtà 103 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ń sá 120 ń rin 176. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan búréèkì lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti rí ewu, ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ lè ti kọjá, ọkọ̀ onítọ̀hún á sì ti rin ẹsẹ̀ bàtà 264 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ rárá. Agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan kì í sì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 70 sí 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọlọ́pàá nípa ìwakọ̀ kò lè yí èyí padà, nítorí pé irin àti táyà kò mọ ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ìbọn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn. Ohun tí àwọn kan ń sọ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí Watts ti rí i pé aṣọ ọlọ́pàá ni ó wà lọ́rùn ọkùnrin náà, kí ni ó tún ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ sí? N kò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn, nítorí èmi náà ṣiyèméjì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbọn tí ẹnì kan nà sí ẹlòmíràn lójú títì kì í ṣe ohun àfiṣeré, ó sì lè bọ́ sí aburú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè pé, ká ní ará ìlú lásán ni ó kọ̀ láti dúró fún odidi ìṣẹ́jú méje nígbà tí iná ọlọ́pàá ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì ń sá 120 màílì, báwo ni wọn ì bá ṣe ṣe sí i? Ẹni tí ó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró ní Amẹ́ríkà rí mọ èsì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bínú sí Watts fún kì í ṣe pé ó le jù, bí kò ṣe pé ó le mọ́ ẹni tí ó wọ irú aṣọ tí òun náà wọ̀. Ajá kì í jẹ eegun ajá ni wọ́n ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ju ti ẹnì kan lọ ni ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Sun Sentinel, tí ó wà ní apá gúúsù Florida. Àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ méjì, Sally Kestin àti John Maines, fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí Watts sọ pé ojoojúmọ́ ni. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn: àwọn tí ń kọ ìwé ìtanràn fún eré àsápajúdé ni àwọn tí a ń fura sí, wọn kì í sì í kọ ọ́ fún ara wọn. Bí o bá wá àkọsílẹ̀ ìjìyà, o kò ní rí nǹkan kan. O ní láti wá ẹlẹ́rìí tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́.

Ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí ni gèètì owó ọ̀nà. Ní Florida, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní SunPass, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ kí ó lè gba gèètì kọjá láìdúró san owó. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá náà ní i. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá gèètì kan, kọ̀ǹpútà á kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Òfin Florida lórí ìwé ìjọba sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ilẹ̀kùn sílẹ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1992 ni ẹ̀tọ́ ará ìlú láti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé òfin gíga ìpínlẹ̀ náà. Àwọn akọ̀ròyìn náà béèrè fún àkọsílẹ̀ SunPass àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n sì rí i gbà.

Ìṣirò tí ó kù kò ju ti ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí gèètì méjì bá jìnnà síra wọn ní màílì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọkọ̀ kan sì kọjá èkejì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó kọjá èkínní, 90 màílì ní wákàtí kan ni eré rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n méfò, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ wọn àwọn òpópónà náà fúnra wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń lo sátẹ́láìtì. Kókó kan wà nínú ọ̀nà yìí tí àwọn tí ó ń ta kò ó kò rí, tàbí tí wọ́n rí tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí. Ìpíndọ́gba eré láti gèètì kan dé èkejì ni ìṣirò yìí ń fúnni. Ẹni tí ó bá mú 90 jáde ti ní láti sá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibì kan, nítorí kò sí ọkọ̀ tí kì í dẹwọ́ nítorí ọkọ̀ iwájú tàbí nítorí kọ́nà. Bí ìṣirò náà bá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, awakọ̀ ni.

Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012. Láàárín oṣù mẹ́tàlá, àwọn ọlọ́pàá tí ó tó 800 láti ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá bíi méjìlá ti sá eré láti 90 dé 130 màílì ní wákàtí kan. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ láti ilé, tàbí wọ́n ń padà sílé láti ibi iṣẹ́, nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ilé-iṣẹ́ wọn fún wọn láti máa gbé lọ sílé. Láti ọdún 2004, ọlọ́pàá tí ó ń sáré ju òfin lọ ti dá ìjàǹbá ọkọ̀ tí kò dín ní 320 sílẹ̀ ní Florida, ènìyàn 19 sì ti kú níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó lọ sẹ́wọ̀n, ọgọ́ta ọjọ́ ni ó sì lò.

Mo tún iye ìkẹyìn yẹn kà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Òkú mọ́kàndínlógún, ẹlẹ́wọ̀n kan.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí náà jáde, àwọn ọlọ́pàá kan àti àwọn tí ń gbèjà wọn mú àwíjàre wá, ó sì yẹ kí á yẹ̀ wọ́n wò nítorí pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ gbogbo. Wọ́n ní ìpè pàjáwìrì lè wọlé nígbàkígbà, kódà nígbà tí ọlọ́pàá bá ń lọ sílé, àti pé ìdí tí ìjọba ṣe fún un ní ọkọ̀ gbé lọ sílé nìyẹn gan-an. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpè tí ó lè wọlé yàtọ̀ sí ìpè tí ó ti wọlé, òfin kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ nítorí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Bí ìpè bá wọlé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń dáhùn rédíò, a ó sì lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ gèètì kí á wò ó. Wọ́n tún ní ọlọ́pàá mọ ọkọ̀ wà ju ará ìlú lọ. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó wà lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà tí ó fẹ́ yí ọ̀nà padà wo dígí, ó rí iná ọkọ̀ kan lọ́nà jíjìn, ó ṣírò rẹ̀ bí ọkọ̀ tí ń sá 70, ó sì yà. Àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó ń sá 120 ni ó sọ ìṣirò tí ó tọ́ di ikú.

Àwíjàre kẹta ni mo kà sí èyí tí ó burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ. Wọ́n ní ó ti mọ́ wọn lára. Ẹni tí ó bá ń fi eré lé ọ̀daràn lọ́jọ́ kan, tí ó sì ń sáré lọ síbi ìjàǹbá lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbàgbé ohun tí 70 màílì jọ. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn ṣe rí. Àmọ́ bí iṣẹ́ kan bá ń ba ìwà òṣìṣẹ́ jẹ́ lọ́nà tí a ti mọ̀ ṣáájú, ọ̀gá ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi ọwọ́ mú un. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ní ẹ̀rọ SunPass náà, àwọn ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ jù. Ohun tí akọ̀ròyìn méjì ṣe ní oṣù díẹ̀, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lè ṣe é láti orí tábìlì rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wù ú.

Ẹnì kan lè sọ pé eré ni mo ń wí ṣáá, pé ọ̀rọ̀ ibi tí ọlọ́pàá ń gbé ọkọ̀ sí kò tó bẹ́ẹ̀. Kì í pa ènìyàn bí eré, mo gbà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Damian Williams, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní apá gúúsù New York, kọ̀wé sí ìlú New York pé ó ti rú òfin ọdún 1990 tí ó dáàbò bo àwọn tí wọ́n ní àléébù ara, nítorí pé ó fi àwọn ọlọ́pàá sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá ní àyíká àgọ́ wọn. Ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, tí ó bá bá ọkọ̀ ọlọ́pàá lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àárín títì ni yóò bọ́ sí. Kò sí pàjáwìrì kankan nínú ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí pé ẹni tí ó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí náà ni ti Lopez, àfi pé ọkọ̀ tirẹ̀ ń rìn.

Ní ilé-ẹjọ́, ẹ̀sùn ìwakọ̀ pẹ̀lú àìbìkítà ni wọ́n fi kan Lopez. Nínú òfin Florida, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ̀bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, tàbí kí ó san ìtanràn tí kò ju 500 dọ́là lọ. Lopez kò bá ẹ̀sùn náà jà, adájọ́ ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìlú fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, kò sì kọ ìdálẹ́bi sí i lọ́rùn. Ìdájọ́ náà kò le, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ojúsàájú ni, nítorí pé ẹni tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀ rí sábà máa ń rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà nílé-ẹjọ́ Florida. Ìlú Miami ni ó ṣe èyí tí ó wọra jù: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2013, Sun Sentinel gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ìsọ̀rí iṣẹ́ tí ó ṣe ará ìlú láǹfààní, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá jẹ ìyà lábẹ́ ọ̀gá wọn, nígbà tí ìwé ìròyìn náà sì tún ṣe ìṣirò rẹ̀, ó rí i pé eré náà ti dín kù gidigidi. Kò sí òfin tuntun kankan tí ó mú un dín kù. Àwọn ọlọ́pàá kàn ti mọ̀ pé gèètì ń kà wọ́n ni.

Ó ku ẹnì kan tí n kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun sì ni ẹni tí ó ṣe ohun tí òfin ní kí ó ṣe. Lẹ́yìn tí fídíò náà tàn ká, Watts kò gbádùn mọ́. Nínú ẹjọ́ tí ó pè lẹ́yìn náà, ó ṣàlàyé pé àwọn tí òun kò mọ̀ ń pe òun lórí fóònù láti halẹ̀ mọ́ òun, pé wọ́n ń gbé písà tí òun kò rà wá sílé òun, àti pé ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ọkọ̀ tí òun kò mọ̀ ń wá dúró ní àdúgbò òun. Ó wá ń rò ó pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ilé òun.

Ó béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà pé kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òun wò. Florida ní ibi ìkójọpọ̀ ìsọfúnni kan fún àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní DAVID. Àdírẹ́sì, fọ́tò àti ọjọ́ ìbí ènìyàn wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì lè ṣí i nítorí iṣẹ́. Èsì tí Watts gbà ni pé, láàárín oṣù bíi mẹ́ta, ọlọ́pàá tí kò dín ní 88 láti ilé-iṣẹ́ 25 ti ṣí àkọsílẹ̀ òun ju igba ìgbà lọ. Watts kì í ṣe ọ̀daràn tí wọ́n ń wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà lórí irú èyí láti ọdún 1994, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ẹnì kan pa òṣèré Rebecca Schaeffer ní California ní ọdún 1989, nígbà tí apààyàn náà ti rí àdírẹ́sì rẹ̀ gbà láti inú ìwé àwọn awakọ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìnídìí lè gba owó gbà-má-bínú tí kò dín ní 2,500 dọ́là. Òfin yẹn ni Watts dì mú nígbà tí ó pe àwọn ọlọ́pàá náà àti àwọn ilé-iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi mọ àwọn tí ó ṣe é. Ọlọ́pàá tí ó wọ inú DAVID gbọ́dọ̀ lo orúkọ tirẹ̀ kí ó tó wọlé. Bí gèètì Turnpike ṣe ń kọ aago ọkọ̀ tí ó kọjá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni DAVID kọ orúkọ ẹni tí ó ṣí ìwé Watts, ọjọ́ tí ó ṣí i, àti aago tí ó ṣí i.